Hosokawa Morihiro: Gómìnà Kumamoto Tó Di Ayàwòrán Tẹ́ńpìlì

Àwọn àlejò tó ń wọ tẹ́ńpìlì Ryoan-ji ní ìlú Kyoto kì í sábà bojú wẹ̀yìn. Òkúta ni wọ́n bá wá: òkúta 15 tí wọ́n tò sórí yanrìn funfun, tó jẹ́ pé ibi yòówù kí èèyàn jókòó sí lórí pèpéle, ọ̀kan nínú wọn yóò fara pamọ́ fún un. Ẹni tó bá yíjú padà sí inú gbọ̀ngàn ló ń bá dírágónì pàdé, dírágónì tí a fi tàdáwà dúdú yà sára ilẹ̀kùn onípépà, tí wọ́n ká ara wọn mọ́ inú ìkùukùu. Kì í ṣe ayàwòrán ayé àtijọ́ ló yà wọ́n. Bàbá kan tó ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún ló yà wọ́n, ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀wádún 2020 sì ni wọ́n tó fi wọ́n han gbogbo èèyàn. Kí bàbá náà tó gbé búrọ́ọ̀ṣì, ó ti ṣe akọ̀ròyìn, ó ti ṣe aṣòfin, ó ti ṣe gómìnà ìpínlẹ̀ Kumamoto fún ọdún mẹ́jọ, ó sì ti ṣe olóòtú ìjọba Jàpáànù fún oṣù mẹ́jọ ó lé díẹ̀. Hosokawa Morihiro ni orúkọ rẹ̀. Hosokawa ni orúkọ ìdílé, nítorí pé ní Jàpáànù orúkọ ìdílé ló ń ṣíwájú.

Àwọn tó ń kọ̀wé nípa rẹ̀ sábà máa ń la ayé rẹ̀ sí méjì bí ẹní la obì: ayé òṣèlú títí di ọdún 1998, ayé ọlọ́nà láti ìgbà náà. Ìpín yìí rọrùn fún akọ̀wé, ṣùgbọ́n kò dé ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀. Ohun tí àyẹ̀wò yìí rí ni pé ọnà ti wà nínú ìṣèlú ọkùnrin yìí tipẹ́tipẹ́, pàápàá ní àkókò tó ṣe gómìnà, àti pé bó ṣe ń fi ipò sílẹ̀ kí ipò tó fi í sílẹ̀ ló fún un ní àyè láti di ayàwòrán. Kumamoto ni ẹ̀rí wà, kì í ṣe Tokyo.

Ṣùgbọ́n kí a tó dé Kumamoto, ó yẹ kí a wọ agbo ilé Hosokawa ná. Jagunjagun ni wọ́n, jagunjagun tí ń kéwì. Ní ọdún 1600, nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ jákèjádò Jàpáànù, nǹkan bí ọmọ ogun 15,000 ló ká Hosokawa Yusai mọ́ inú ilé-odi Tanabe. Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò ju bí 500 lọ, òun fúnra rẹ̀ sì ti dàgbà. Kì í ṣe idà ló yọ ọ́. Yusai ló ní ẹ̀kọ́ àṣírí kan lọ́wọ́ lórí ìtumọ̀ Kokinshu, àkójọ ewì àtijọ́ tí ààfin ọba kà sí ohun iyebíye. Ẹnu ọ̀gá ni wọ́n ti ń gba ẹ̀kọ́ náà, bí ọmọ awo ṣe ń gba ẹsẹ̀ Ifá lẹ́nu olúwo rẹ̀, Yusai kò sì tíì fi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ tán. Àyà Ọba Go-Yozei já pé bí ọkùnrin yìí bá kú, ìmọ̀ náà yóò bá a wọlẹ̀. Ọba rán ikọ̀, ogun sì kúrò lẹ́yìn odi.

Ọmọ Yusai ni Tadaoki, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹ̀yìn Sen no Rikyu, ọ̀gá tó sọ tíì pípò àti tíì mímu di iṣẹ́ ọnà. Tadaoki yìí ló mú amọ̀kòkò ará Kòríà kan wá sí Agano ní ọdún 1602 kí ó máa mọ àwo tíì fún ilé rẹ̀. Ní ọdún 1632, ìdílé náà gba Kumamoto, ní erékùṣù Kyushu, wọ́n sì jọba lé e lórí títí tí ìjọba tuntun fi fòpin sí àkóso àwọn ọba ìbílẹ̀ ní 1871. Ọmọ Tadaoki ló gba Miyamoto Musashi lálejò ní ọdún 1640. Gbogbo ayé mọ Musashi sí ẹni tí ń fi idà méjì jà. Àwọn tó mọ̀ pé ó tún ń fi tàdáwà ya ẹyẹ kò tó nǹkan. Kumamoto ló kú sí ní 1645, díẹ̀ nínú àwọn àwòrán rẹ̀ sì wà di òní nínú Eisei Bunko, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí Hosokawa Moritatsu dá sílẹ̀ ní Tokyo ní ọdún 1950 láti fi dáàbò bo ẹrù ìdílé. Moritatsu ni bàbá tó bí bàbá Morihiro.

Nínú ilé báyìí ni wọ́n bí Morihiro sí, ní ọjọ́ 14 oṣù kìíní, ọdún 1938. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tó ṣì kéré. Bàbá ìyá rẹ̀ ni Ọmọọba Konoe Fumimaro, tó ṣe olóòtú ìjọba kí Jàpáànù tó bá Amẹ́ríkà wọ̀jà, tó sì gbé májèlé jẹ ní oṣù kejìlá ọdún 1945 nígbà tí àwọn aṣẹ́gun fẹ́ mú un lọ sí ẹjọ́ ọ̀daràn ogun. Ọmọ ọdún méje ni Morihiro nígbà náà. Àwọn kan lè sọ pé irú ikú bẹ́ẹ̀ yẹ kó lé ọmọ jìnnà sí ìṣèlú. Kò lé e. Bàbá rẹ̀, Morisada, tó ti ṣe akọ̀wé fún Konoe, kò fẹ́ kí ọmọ náà wọ ìṣèlú, síbẹ̀ ọmọ náà wọ̀ ọ́.

Ó kẹ́kọ̀ọ́ òfin ní Yunifásítì Sophia, ó ṣe akọ̀ròyìn fún ìwé ìròyìn Asahi Shimbun láti 1963, ó du ipò aṣòfin ní 1969, ó fìdí rẹmi. Ní 1971, ó wọ ilé aṣòfin àgbà lábẹ́ àsíá LDP, ẹgbẹ́ tó ti ń ṣèjọba láti ọdún 1955. Ó lo sáà méjì níbẹ̀. Kò sí ohun púpọ̀ tí òpìtàn lè rí gbé jáde nínú ọdún méjìlá yẹn.

Ọdún 1983 ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ó du ipò gómìnà Kumamoto, ó sì wọlé ní ẹni ọdún 45. Ẹ wo ohun tí ìyẹn jẹ́: àrọ́mọdọ́mọ àwọn ọba tó ti jẹ lórí ilẹ̀ yìí padà wá gba ìbò lọ́wọ́ àwọn àrọ́mọdọ́mọ ará ìlú. Orúkọ tí wọ́n fi ń pè é lábẹ́lẹ̀ ni Tono-sama, oyè ọba ìbílẹ̀ ayé àtijọ́, bí ìgbà tí ará ìlú kan bá ń fi ẹ̀rín pe gómìnà rẹ̀ ní Kábíyèsí. Ẹ̀fẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ wà nínú rẹ̀, ìfura náà sì wà níbẹ̀.

Kò pẹ́ tí Kábíyèsí náà fi rí i pé òun kò ní àṣẹ. Ìtàn tó máa ń sọ jù lọ nípa àkókò yẹn ni ti ibùdókọ̀: bí ìpínlẹ̀ bá fẹ́ ṣí ibùdókọ̀ bọ́ọ̀sì kan nípò ní mítà 10 péré, àfi kí wọ́n kọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ìrìnnà ní Tokyo. Gómìnà tí aráàlú fìbò yàn kò tó ẹni tí ń gbé òpó kan kúrò lójú títì. Òun àti Iwakuni Tetsundo, tó jẹ́ olórí ìlú Izumo nígbà náà, kọ ìwé kan pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 1991, Hina no ronri, tó ń gbèjà àwọn ìgbèríko níwájú olú-ìlú. Ẹni tó bá mọ bí àwọn ìpínlẹ̀ wa ṣe ń dúró de Abùjá kí wọ́n tó lè jẹun kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí kókó yìí.

Bẹ́ẹ̀ ni kò sí gómìnà Kumamoto tó lè yẹra fún ọ̀rọ̀ Minamata. Ìlú etí òkun ni Minamata, níbi tí ilé iṣẹ́ Chisso ti ń da omi ìdọ̀tí tó ní mẹ́kúrì sínú òkun. Ọdún 1956 ni wọ́n fi àìsàn náà hàn ní gbangba, àìsàn tó ti inú ẹja wọ ara àwọn apẹja àti ọmọ inú oyún. Ní 1990, ilé ẹjọ́ dámọ̀ràn pé kí àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn bá àwọn aláìsàn parí rẹ̀ ní ìtùnbí-ìnùbí. Ìpínlẹ̀ Kumamoto gbà. Ìjọba àpapọ̀ kọ̀.

Níbi tí àṣẹ rẹ̀ ti mọ níwọ̀n, ilé ló kọ́. Ní 1987, ó rí ohun tí ìlú Berlin ń ṣe nígbà náà: wọ́n ń pe àwọn ayàwòrán-ilé olókìkí káàkiri ayé wá kọ́ ilé gbígbé fún aráàlú. Nígbà tó padà dé, ó dá ètò kan sílẹ̀ ní 1988 tí wọ́n ń pè ní Kumamoto Artpolis. Ìlànà ètò náà kò lọ́jú pọ̀. Bí ìpínlẹ̀ tàbí ìjọba ìbílẹ̀ bá fẹ́ kọ́ ilé, ìbáà ṣe àgọ́ ọlọ́pàá, ilé àwọn tálákà, afárá tàbí ilé ìyàgbẹ́ gbogboògbò, wọn kò ní fà á lé kọngíláyà tó bá kówó tó kéré jù lọ wá. Ẹnì kan tó mọ iṣẹ́ ilé yíyà dunjú ni yóò yan ayàwòrán-ilé fún wọn. Isozaki Arata ni ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ fi síbẹ̀.

Ilé tó kọ́kọ́ jáde níbẹ̀ ni àgọ́ ọlọ́pàá kan nínú ìlú Kumamoto, iṣẹ́ Shinohara Kazuo, tí wọ́n parí ní 1990. Ojú ilé náà jẹ́ gíláàsì bíi dígí, ó sì ń fẹ̀ sí i bó ṣe ń gòkè, bí ẹni pé wọ́n dojú àkàbà dé. Àgọ́ ọlọ́pàá ni o! Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Yamamoto Riken kọ́ ilé gbígbé fún ìdílé 110 sí Hotakubo, ó sì ṣe àgbàlá sí àárín rẹ̀ tó jẹ́ pé inú ilé àwọn olùgbé nìkan ni wọ́n lè gbà dé ibẹ̀. Ẹni tó bá ti rí agbo ilé Yorùbá pẹ̀lú àgbàlá àárín rẹ̀ yóò mọ ohun tí Yamamoto ń wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjiyàn pọ̀ lórí ilé náà. Ito Toyo kọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sí Yatsushiro ní 1991. Ní abúlé Seiwa, níbi tí àwọn àgbẹ̀ ti ń fi ọmọláńgidi ṣe eré láti ayé baba ńlá wọn, Ishii Kazuhiro fi igi kọ́ gbọ̀ngàn eré fún wọn ní 1992. Mẹ́ta nínú àwọn orúkọ yìí, Isozaki, Ito àti Yamamoto, ló gba ẹ̀bùn Pritzker lẹ́yìn-ọ̀-rẹ́yìn, ẹ̀bùn tó ga jù lọ fún àwọn ayàwòrán-ilé: Ito ní 2013, Isozaki ní 2019, Yamamoto ní 2024. Nígbà tí gómìnà ìgbèríko kan ń gbé iṣẹ́ fún wọn, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó tíì gbà á.

Ọ̀rọ̀ ibí yìí ṣe pàtàkì fún àyẹ̀wò wa. Ọ̀pọ̀ gómìnà ló ń kọ́ ilé, ọ̀pọ̀ ló sì ń kọ orúkọ ara wọn sára ilé náà. Hosokawa dá ètò kan sílẹ̀ tó lè dá dúró láìsí òun. Gómìnà mìíràn dé, òmíràn tún dé, Artpolis kò kú. Lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀ tó ba Kumamoto jẹ́ ní oṣù kẹrin ọdún 2016, ètò yìí kan náà ló kọ́ àwọn ilé onígi kéékèèké sí àárín àgọ́ àwọn tí ilé wọn wó, kí wọ́n lè máa rí ibi jókòó jọ sọ̀rọ̀.

Ní 1991, wọ́n retí kí ó du ipò náà lẹ́ẹ̀kẹta. Kò dù ú. Òwe kan ló máa ń pa, tó túmọ̀ sí pé agbára kì í pé ọdún mẹ́wàá lọ́wọ́ ẹni kó má bàjẹ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí yóò tún ṣẹlẹ̀.

Ohun tó tẹ̀ lé e ti wà nínú gbogbo ìwé ìtàn ìṣèlú, kò yẹ kí a pẹ́ níbẹ̀. Ní 1992, ó dá ẹgbẹ́ òṣèlú tuntun sílẹ̀, wọ́n sì gba ìjókòó mẹ́rin péré nílé aṣòfin àgbà. Ní oṣù keje ọdún 1993, wọ́n gba 35 nílé aṣòfin kejì. LDP pàdánù àkóso fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárín ọdún 38, ẹgbẹ́ mẹ́jọ tí ọ̀rọ̀ wọn kò bára mu para pọ̀, wọ́n sì gbé Hosokawa lé orí àga ní oṣù kẹjọ. Ní ọjọ́ kejì tó gorí oyè, ó sọ ní gbangba pé ogun tí Jàpáànù jà jẹ́ ogun ìfinràn, pé kò tọ́. Kò sí olóòtú ìjọba tó ti sọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí, ọmọ-ọmọ Konoe ló sì wá sọ ọ́. Ní oṣù kìíní 1994, ó fọwọ́ sí àtúnṣe ètò ìdìbò pẹ̀lú olórí LDP. Ní oṣù kejì, ó pe àwọn oníròyìn láàárín òru, ó ní òun yóò fi owó-orí tuntun ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún rọ́pò ìdá mẹ́ta tó wà. Wọ́n bi í pé báwo ló ṣe dé orí méje. Ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ kó yé gbogbo ènìyàn pé ojú lásán ló fi wọ̀n ọ́n. Kò pẹ́ tó fi kó ọ̀rọ̀ náà jẹ. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n gbé ọ̀ràn mílíọ̀nù 100 owó yen tó yá lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ akẹ́rù kan ní 1982 dìde. Ó ní òun ti san án padà, àwọn alátakò kò gbà, ilé aṣòfin sì dá iṣẹ́ ìṣúná dúró. Ní oṣù kẹrin, ó fipò sílẹ̀.

Ó ṣì wà nílé aṣòfin fún ọdún mẹ́rin sí i. Nígbà tó pé ẹni ọgọ́ta ọdún ní 1998, ó kúrò pátápátá. Ní Jàpáànù, níbi tí àwọn òṣèlú ẹni ọgọ́rin ọdún ti ń pín ipò, ọmọdé ni ẹni ọgọ́ta.

Ó kó lọ sí Yugawara, ìlú omi gbígbóná kan lẹ́bàá òkun ní ìpínlẹ̀ Kanagawa. Ó sọ ilé iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ ní Futo-an. Ìtumọ̀ “futo” ni “kò ní padà sí ìlà-oòrùn”, ọ̀rọ̀ tí wọ́n so mọ́ Xuanzang, àlùfáà ará Ṣáínà tó rìn lọ sí Íńdíà ní ọ̀rúndún keje láti lọ kó ìwé mímọ́ ẹ̀sìn Búdà wá, tó búra pé òun kò ní yí ẹsẹ̀ padà sílé láìjẹ́ pé òun débẹ̀. Ẹni tó bá sọ ilé rẹ̀ ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀ kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá pe òun padà sí Tokyo.

Amọ̀ ló kọ́kọ́ fọwọ́ kàn. Ó lọ sí Nara, ó lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Tsujimura Shiro. A bí Tsujimura ní 1947. Àbúrò ló jẹ́ sí ọmọ ẹ̀kọ́ rẹ̀, ọdún mẹ́sàn-án gbáko ló fi kéré sí i. Tsujimura fúnra rẹ̀ kò kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ìgbà kan sì wà tó ń pàtẹ ìkòkò rẹ̀ sí ẹ̀bá títì. Ẹni tó ti bá ààrẹ Amẹ́ríkà jókòó wá ń po amọ̀ fún ẹni tó kéré sí i lọ́jọ́ orí. Lọ́dọ̀ wa, a ó ní ojú ló tì í tàbí ayé ló yí i. Ní Ìlọrin àti ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá, obìnrin ló ni amọ̀, bàbá àgbà tó bá fọwọ́ kàn án yóò di ìran wíwò. Ní ilé Hosokawa, amọ̀ kò tẹ́ ẹnikẹ́ni rí: àwo tíì ni Tadaoki fi ń gbéra ga ní nǹkan bí irinwó ọdún sẹ́yìn. Ní 2001, Morihiro kó iṣẹ́ tirẹ̀ jáde fún títà fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ní 2003, ó nílò ilé kékeré tí yóò ti máa po tíì fún àlejò ní Yugawara. Fujimori Terunobu ló bá a kọ́ ọ, wọ́n sì sọ ọ́ ní Ichiya-tei. Fujimori yìí ni ẹni tó kọ́ ilé gbígbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ Kumamoto ní 2000, lábẹ́ Artpolis. Okùn tí gómìnà ta ní 1988 ni ayàwòrán ń fà ní 2003.

Láti orí amọ̀ ló ti bọ́ sí orí pépà. Ó ń kọ lẹ́tà aláràbarà, ó ń fi ọ̀dà eléròjà epo ya àwòrán, ṣùgbọ́n tàdáwà ló gbà á lọ́kàn jù. Iṣẹ́ tó tóbi jù nínú ti tàdáwà ni ti fusuma, ilẹ̀kùn tí wọ́n ń tì sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí igi jẹ́ férémù rẹ̀, tí pépà sì jẹ́ ara rẹ̀. Ilẹ̀kùn wọ̀nyí ló ń pín inú tẹ́ńpìlì sí yàrá. Tí ẹnì kan bá ṣí i, àwòrán náà yóò gé; tí ó bá tì í, yóò tún so pọ̀. Ayàwòrán ní láti ro bí òkè yóò ṣe rí nígbà tí ìdajì rẹ̀ bá wọ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kejì. Tàdáwà kò sì ní ìdáríjì. Ọ̀dà epo ṣeé bò mọ́lẹ̀ bí ó bá bàjẹ́, ṣùgbọ́n tàdáwà tó bá ti kan pépà ti kan án nìyẹn. Ó yani lẹ́nu pé ọkùnrin tó ju iye owó-orí sílẹ̀ lóru tó sì kó o jẹ kò pẹ́ lẹ́yìn náà ló wá yan irú iṣẹ́ tí kò ṣeé kó jẹ.

Tẹ́ńpìlì tó yà fún pọ̀. Fún Shoden Eigen-in ní Kyoto, tó jẹ́ tẹ́ńpìlì àwọn òkú ọ̀run ìdílé rẹ̀, ó ya òkè àti omi ní ìgbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ọdún. Fún Jizo-in, tí igi ọparun yí ká, ó ya ìran mẹ́jọ tí àwọn ayàwòrán Ṣáínà ti ń yà láti nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn nípa àgbègbè odò Xiang. Fún Yakushi-ji ní Nara, tẹ́ńpìlì tó ń bọlá fún Xuanzang, ó ya àwòrán ojú ọ̀nà tí àwọn èèyàn ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn ń gbà bá ara wọn pàdé.

A lè fi í wé àwọn mìíràn. Winston Churchill bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán ní 1915, nígbà tí ìjákulẹ̀ ogun Gallipoli lé e kúrò níbi àkóso ọkọ̀ ogun orí omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwòrán jẹ́ oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì fún un, ó sì yà ju 500 lọ kó tó kú, síbẹ̀ kò fi ìṣèlú sílẹ̀ rárá. George W. Bush, tó ṣe gómìnà Texas kó tó ṣe ààrẹ, gbé búrọ́ọ̀ṣì ní 2012 lẹ́yìn tó ka ohun tí Churchill kọ nípa àwòrán. Ìwé àwòrán àwọn ọmọ ogun tó farapa, Portraits of Courage, jáde ní 2017. Ojú àwọn tí àṣẹ rẹ̀ rán lọ sógun ló ń yà, èyí sì ni ohun tó wúwo jù nínú iṣẹ́ rẹ̀. Edi Rama ti ilẹ̀ Albania lọ láti òdìkejì: ayàwòrán ni kó tó di olórí ìlú Tirana ní 2000, ó sì kun ara àwọn ilé ìlú náà ní àwọ̀ mèremère.

Abdias do Nascimento ti Bràsíìlì ló sún mọ́ wa jù. Ẹni ọdún 54 ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán ní 1968, àwọn òrìṣà ló sì ń yà: Ọ̀ṣun, Ṣàngó, Ọ̀ṣọ́ọ̀sì. Ó wá kọ́ni ní yunifásítì Ifẹ̀ ní 1976 sí 1977, ó padà sílé, ó di aṣòfin ní 1983, ó sì ṣe sẹ́nétọ̀ lẹ́yìn náà. Lọ́dọ̀ Abdias, àwòrán àti ìjà fún àwọn aláwọ̀ dúdú jẹ́ ohun kan náà. Hosokawa kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí pépà. Òkè, yìnyín, ìkùukùu ni. Kò sí ènìyàn inú ìṣèlú kankan níbẹ̀.

Síbẹ̀, ó ṣẹ́ ẹ̀jẹ́ Futo-an lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn tí ìgbì òkun ńlá ba ilé iná mànàmáná átọ́mù ti Fukushima jẹ́ ní 2011, ó kọ́kọ́ darí ètò igi gbígbìn sétí òkun tí ìgbì náà gbá lọ. Ní ọjọ́ 14 oṣù kìíní 2014, ọjọ́ tó pé ẹni ọdún 76, ó kéde pé òun yóò du ipò gómìnà Tokyo, Koizumi Junichiro tó ti ṣe olóòtú ìjọba rí sì dúró tì í. Ohun kan ṣoṣo ló ń pariwo: kí Jàpáànù fi agbára átọ́mù sílẹ̀. Ìbò 956,063 ló ní, ó ṣe ipò kẹta. Ó padà sídìí tàdáwà. Ní 2015, Eisei Bunko, tó wà lábẹ́ àkóso rẹ̀, pàtẹ àwọn àwòrán ìbálòpọ̀ ayé àtijọ́ tí àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé mìíràn ní Jàpáànù kọ̀ láti gbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti pàtẹ irú rẹ̀ ní London ní 2013. Èèyàn bíi 210,000 ló wá wò ó.

Ṣé ayàwòrán gidi ni? Ìbéèrè náà tọ́, kò sì yẹ kí orúkọ ńlá bo ìdáhùn mọ́lẹ̀. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ní ẹni ọgọ́ta ọdún, tí kì í ṣe ọmọ Hosokawa, kò sí tẹ́ńpìlì tí yóò fa ilẹ̀kùn rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Àwọn baba ńlá rẹ̀ ló kọ́ díẹ̀ nínú àwọn tẹ́ńpìlì wọ̀nyí, àwọn ìwé tó ń kọ́ ara rẹ̀ látinú wọn sì jẹ́ ẹrù ilé. Àwọn òkè rẹ̀ máa ń tutù lójú jù, ó sì hàn níbòmíràn pé ó ń bẹ̀rù kó má ṣi ẹsẹ̀ àwọn àgbà gbé. Ti Ryoan-ji yàtọ̀. Níbẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ ti tú: ìkùukùu náà ṣú, àwọn èékánná yẹn kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni.

Ìdí tí àyè fi wà fún un níbẹ̀ ni pé àwọn ilẹ̀kùn àtijọ́ ti lọ. Nígbà tí ìjọba Meiji gbógun ti ẹ̀sìn Búdà ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tẹ́ńpìlì náà ta àwọn ilẹ̀kùn rẹ̀, wọ́n sì tú káàkiri. Díẹ̀ nínú wọn dé òkè òkun kí wọ́n tó rà wọ́n padà. Hosokawa Katsumoto, láti ẹ̀ka mìíràn nínú ìdílé kan náà, ló dá Ryoan-ji sílẹ̀ ní 1450. Òun kan náà ni olórí ọ̀kan nínú apá méjì tó ja ogun Onin láti 1467, ogun tó sọ Kyoto di eérú, tí Ryoan-ji náà sì jó nínú rẹ̀. Àwọn àlejò ṣì ń jókòó sórí pèpéle, wọ́n ń ka òkúta, wọ́n ń dé orí mẹ́rìnlá. Dírágónì Morihiro wà lẹ́yìn wọn.